Agolo Fíláàsìdì Tí Rodiat Fi Ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan nínú oṣù Ràmàdánì, kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, Rodiat Ajíbóyè ti wà lórí ìlà ní èbúté Ìpakodò. Ìgbògbò ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n Erékùṣù Èkó ni ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ti ń ṣiṣẹ́ wà, ọkọ̀ ojú omi ló sì máa ń wọ̀ lọ síbẹ̀ torí pé kò ní sùúrù fún ohunkóhun tó bá falẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á sọ fún ọ pé kì í kí ènìyàn kó dúró gbọ́ ìdáhùn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ní ibi tó ń lọ.

Ó ń so okùn ẹ̀wù ìléfòó mọ́ra lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Ẹ̀pẹ́.

"Rodi, inú mi le o," ni ìyá wí lẹ́yìn tí wọ́n kíra tán. "Ọjọ́ kẹrin rèé tí mi ò tíì yàgbẹ́. Mo ní kí n bi ọ́, nǹkan inú agolo tó o fi ránṣẹ́ yẹn, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

Àwọn èrò ẹ̀yìn ti ń tì í. Awakọ̀ ti ń pè wọ́n kí wọ́n wá jókòó. Rodiat kò bi ìyá rẹ̀ bó ṣe ń lo nǹkan náà. Kò bi í bóyá ó ń mu omi.

"Kò tíì wọra ni, Màámi. Ẹ fi ṣíbí kan kún un. Tó bá dìrọ̀lẹ́, màá pè yín."

Ọkọ̀ gbéra. Ìrọ̀lẹ́ dé, kò pè. Ọjọ́bọ̀ náà kọjá, kò pè. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, pé kí wọ́n fi ṣíbí kan kún un, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ìyá rẹ̀, òun náà ni Rodiat kò sì ní lè gbàgbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tó wà nínú agolo náà kì í ṣe májèlé. Kí ẹnikẹ́ni má ka ìtàn yìí dé ìdajì kó máa lọ ba fíláàsìdì lórúkọ jẹ́ kiri. Hóró kéékèèké ni, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán, ó fẹ̀ ju yànmọ̀tí lọ díẹ̀. Láti ara ewéko ọ̀gbọ̀ ló ti ń wá, ewéko kan náà tí àwọn òyìnbó fi ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀. Ó ní òróró tó dára fún ọkàn, ó sì ní èròjà tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ kó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn obìnrin inú ẹ́sítéètì Rodiat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, Rodiat sì rà á. Ó ń lọ̀ ọ́, ó ń bu ṣíbí kan sínú ògì rẹ̀ láràárọ̀, ó ń mu ife omi ńlá lé e. Ìwé tó wà lára àpò náà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì kà á. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ó kà á.

Ìyá rẹ̀, Fàósátù, ti lé lọ́mọ ọdún márùndínláàádọ́rin. Ogún ọdún ó lé ló fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́, kò sì sí ohun jíjẹ tí yóò fọwọ́ bà tí kò ní mọ ohun tó ń fẹ́, bóyá omi ni, bóyá iná ni, bóyá ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ohun tó kù tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé kì í rọrùn fún un láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Rodiat fi pín fíláàsìdì náà sí méjì. Ó lọ ìpín ìyá rẹ̀ kúnná, ó rọ ọ́ sínú agolo mílíìkì kan tó ti ṣófo, ó sì fi àpò náà pẹ̀lú ìwé ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ ní Ìgbògbò.

Ó ti pinnu pé òun fúnra òun lòun máa gbé e lọ ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ààwẹ̀, kí òun sì ṣàlàyé rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ti kọjá tó ti dé Ẹ̀pẹ́ gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Sátidé dé, ó ní ó ti rẹ òun. Ó gbé agolo náà fún awakọ̀ kan ní gáréèjì Benson tó ń ná Ẹ̀pẹ́, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé, "Màámi, oògùn inú yín ló wà nínú agolo yẹn, ó dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru yín náà. Ṣíbí méjì ni kẹ́ ẹ máa lò ní sààrì, á bá yín gba ebi dúró. Mo ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Kò mẹ́nu ba omi rárá. Ohun tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ó pè é ní oògùn.

Ká ní ó pè é ní oúnjẹ ni, Fàósátù ìbá ti mọ ohun tó máa ṣe sí i. Ìbá bu díẹ̀ sínú omi, ìbá rí i bó ṣe ń wú tó sì ń yọ̀ bí ilá, ìbá sì sọ fún ara rẹ̀ pé nǹkan yìí ń fẹ́ omi. Ṣùgbọ́n oògùn ni ọmọ òun tó kàwé pè é. Oògùn tó sì kúnná, tó pupa, tó wà nínú agolo, kí ló tún kù tó lè jẹ́ bí kò ṣe àgúnmu? Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ Fàósátù dàgbà, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ti ń lá àgúnmu. Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Ní sààrì, á da ṣíbí méjì sí àtẹ́lẹwọ́, á lá a gbẹ, á ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lé e, á sì fi omi bíńtín ṣan ẹnu. Kì í mu omi púpọ̀ ní sààrì, torí ìtọ̀ kì í jẹ́ kí àlùwàlá rẹ̀ dúró, kò sì fẹ́ dìde láàárín wàásù tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Láti ìgbà náà di àkókò ìṣínu, kò sí omi kankan. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni, àwọn àgbà kò purọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Kàmọ́rù pe Rodiat níbi iṣẹ́. Òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, Ẹ̀pẹ́ náà ló ń gbé. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní Màámi ti ń bì láti àná, inú wọn ti wú, àwọn sì ti gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ó ní kó máa bọ̀.

Nígbà tó dé ọ̀hún, ó bá ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ dì, wọ́n ti fi rọ́bà tín-ín-rín gba imú rẹ̀ wọlé, omi aláwọ̀ ewé sì ń ti ibẹ̀ jáde. Inú rẹ̀ ga lábẹ́ aṣọ bí inú aboyún. Rodiat di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà gbẹ. Ibi tó dúró sí náà ni ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé, ṣíbí kan, o ní kí wọ́n fi ṣíbí kan kún un.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyìnolúwa. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà, ó ní nǹkan kan ló dí ìfun Màmá, òun sì fẹ́ mọ gbogbo ohun tí wọ́n ti jẹ àti èyí tí wọ́n ti mu láti nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Kàmọ́rù kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní àgbo ni. Ó ní Fàlílátù tó wà ní ojúlé kejì sí Màámi gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá fún wọn lánàá, òun sì bá ìgò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Òótọ́ ni pé Fàlílátù gbé àgbo wá. Obìnrin náà rí i pé ara ń ni aládùúgbò òun, ó bu díẹ̀ nínú èyí tó wà nílé rẹ̀ fún un, ìyá sì mu ún lẹ́ẹ̀mejì péré. Òun náà ló ké sí Kàmọ́rù pé kó wá gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í ro ìyẹn. Kàmọ́rù ti bá a wí lójú gbogbo ènìyàn ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní kó má ṣe tún yọjú síbẹ̀ mọ́, Fàlílátù sì fi gèlè nu ojú lọ sílé.

Dókítà kọ ọ̀rọ̀ àgbo sílẹ̀. Ó wá yí sí Rodiat. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ṣé nǹkan mìíràn wà tí wọ́n ń lò? Ohunkóhun, bó ti wù kó kéré mọ."

Rodiat wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Kò sí," ló wí.

Kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀? Ojú ló ń tì í. Òun ni gbogbo ilé ń pè bí àìsàn bá dé, òun ló ń ka ìwé ara oògùn fún wọn, òun ló sì máa ń bá Fàlílátù jà pé kó yé gbé àgbo kiri. Báwo ló ṣe fẹ́ la ẹnu sọ pé ọwọ́ òun ni nǹkan ti bàjẹ́? Ó sì ń tan ara rẹ̀ pé oúnjẹ lásán ni fíláàsìdì, pé kò lè jẹ́ òun ló fà á. Tí ọkàn bá fẹ́ sá fún ẹ̀bi, kò sí ọ̀nà tí kò mọ̀.

Ìdáhùn yẹn kò dúró síbi kan. Torí pé àgbo ni wọ́n gbọ́, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò ná. Torí pé fọ́tò inú fi nǹkan ribiti kan hàn tí wọn kò mọ ohun tó jẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá kókó kan ló hù síbẹ̀, wọ́n sì ń wá ilé ìwòsàn tó tóbi ju tiwọn lọ tí wọ́n lè gbé e lọ. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kọjá lórí ìyẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé, Rodiat lọ sílé ìyá rẹ̀ láti kó ìró àti aṣọ ìbora. Ó bá Fàlílátù lẹ́yìnkùlé. Obìnrin tí wọ́n lé kúrò ní ilé ìwòsàn jókòó ti abọ́ omi ọṣẹ, ó ń fọ aṣọ ibùsùn tí ìyá bì sí. Kò sí ẹni tó rán an. Ó fẹ́ dìde nígbà tó rí Rodiat, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ilé onílé.

"Àǹtí Fàlílátù, ẹ jókòó," ni Rodiat wí.

"Rodiat, bá mi bẹ Bọ̀dá ẹ." Ojú obìnrin náà ti pọ́n. "Mi ò sùn láti àná. Inú ìgò yẹn lèmi náà ti mu, mo mu ju ti màmá yín lọ, nǹkan kan ò ṣe mí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òun náà ni, kí Ọlọ́run ṣàánú mi. Mi ò mọ̀. Màmá yín ló gbẹ̀bí ọmọ mi nígbà tí òjò ò jẹ́ ká débì kan."

Rodiat wọ inú ilé. Lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìkírun, ó rí agolo mílíìkì náà. Ó gbé e, ó fúyẹ́. Ó ṣí i. Ohun tó yẹ kí ìyá lò fún oṣù kan ó lé ti dé ìsàlẹ̀, ṣíbí sì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ṣíbí ìmutíì. Ṣíbí ńlá ni, èyí tí ìyá fi ń bu ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé láyé ijọ́sí. Rodiat kò sọ fún un irú ṣíbí tó yẹ kó lò. Ó jókòó sórí ẹní náà pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, ó sì sunkún. Láti ẹ̀yìnkùlé ló ti ń gbọ́ bí Fàlílátù ṣe ń fún aṣọ.

Àwọn Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Rodiat kò tó ọjọ́ kan, síbẹ̀ ó ti pẹ́ jù. Ó dìde, ó lọ bá Fàlílátù níbi tó wà, ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ tó dà sílẹ̀, ó sì ní, "Kì í ṣe àgbo yín. Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ilé ìwòsàn, kí n lè sọ ọ́ níwájú yín."

Ó sì sọ ọ́. Ó gbé agolo náà ka orí tábìlì níwájú Dókítà Ìyìnolúwa, pẹ̀lú Kàmọ́rù àti Fàlílátù ní ìdúró, ó sọ bó ṣe fi ránṣẹ́, bí ìyá ṣe pe òun àti ohun tí òun fi dá a lóhùn ní èbúté. Ó sọ pé òun purọ́ lánàá.

Dókítà bu díẹ̀ nínú èyí tó kù sínú ife omi, kò pẹ́ tó fi ki, tó ń yọ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó. Bí gàrí ló rí, ó ń fa omi mu. Tí ẹ bá fún un lómi, á rọ̀, á sì ti ìgbẹ́ jáde. Tí ẹ kò bá fún un, omi inú ìfun ló máa mu, á wá le síbẹ̀ bí ẹ̀bà àná. Màmá ń lá a gbẹ, wọ́n sì tún ń gbààwẹ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ ti ń wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ tún ní kí wọ́n fi kún un."

Kò pariwo mọ́ ọn. Rodiat ìbá fẹ́ kó pariwo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Fàósátù. Wọ́n kó nǹkan tó ki, tó sì le jáde nínú ìfun rẹ̀. Apá kan nínú ìfun náà ti kú, kò tó ìbú ọwọ́ kan, wọ́n gé e kúrò, wọ́n sì so ìyókù pọ̀. Nígbà tí dókítà jáde, Rodiat bi í bóyá wọn ìbá má gé ìfun náà ká ní òun ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

"Mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́," ni dókítà fèsì. "Ṣùgbọ́n wákàtí tó ṣòfò kì í padà."

Kàmọ́rù kò bá àbúrò rẹ̀ jà. Ó rìn lọ bá Fàlílátù níbi tó jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo èrò wọ́ọ̀dù, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti bú u. Obìnrin náà ní kó dìde, pé ìyá ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tiẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni Kàmọ́rù wá jókòó ti Rodiat.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá Fàósátù nínú wọ́ọ̀dù. Ààwẹ̀ mọ́kànlá ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà, kò sì tíì sí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dàgbà, yàtọ̀ sí ìgbà ìbímọ. Nígbà tó wá yá tó padà lọ fún àyẹ̀wò, ó bi dókítà ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ó ní, "Dókítà, nǹkan yẹn, ṣé ohun jíjẹ ni àbí oògùn?"

"Ohun jíjẹ ni, Màmá. Kì í ṣe oògùn, kò sì lè gba ipò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

"Ó dáa. Sọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ fún mi bí ẹni ń kọ́ alásè."

Dókítà Ìyìnolúwa rẹ́rìn-ín, ó sì kọ́ ọ. Ó ní kí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ìmutíì kan lóòjọ́, kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó wo bí inú rẹ̀ ṣe gbà á. Tó bá bá a lára mu, ó lè gùn ún dé ṣíbí ìjẹun kan, kó má sì kọjá méjì. Ó ní kí wọ́n máa lọ̀ ọ́, torí pé bí hóró bá wọlé ní odindi, odindi náà ló máa bá ìgbẹ́ jáde, ara kò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Kí wọ́n má lọ púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí èyí tí wọ́n ti lọ̀ kì í pẹ́ tó fi ń rùn. Kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n fi í síbi tó tutù. Inú ohun tó lómi ni kí wọ́n pò ó sí, bí ògì tàbí mọ́ínmọ́ín tí wọn kò tíì sè, tàbí kí wọ́n bù ú sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ nígbà tí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀. Ife omi kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì máa mu omi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀, ìgbà ìṣínu ni kó jẹ ẹ́, kó lè ráyè mu omi.

Ìyá bi í nípa oògùn rẹ̀. Dókítà ní kó fi wákàtí méjì sáàárín àwọn méjèèjì, torí bí wọ́n bá jọ wọlé, fíláàsìdì lè di oògùn mú kó má jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ó ní bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ga lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Aboyún, ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun, àti ẹni tí ìfun rẹ̀ ti ní ìṣòro rí, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó fi kan ẹnu. Bí ìgbẹ́ bá wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta tí inú sì ń wú, kí wọ́n má fi kún un, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ. "Tí ẹ kò bá sì rí fíláàsìdì rà," ló wí, "ẹ̀wà, ilá àti ẹ̀fọ́ tó wà lọ́jà Ẹ̀pẹ́ ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́."

Rodiat wà níbẹ̀, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ló wà lára àpò tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù òun.

Oṣù mẹ́fà kọjá kí dókítà tó ní kí ìyá máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nísinsìnyí, Rodiat ń dé Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé méjì lóṣù. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tún gbé agolo náà jáde, ìyá ló wà nídìí iná. Ó po ògì, ó bu ṣíbí ìmutíì kan sí i, ó rò ó títí kò fi sí kókó kan nínú rẹ̀, ó sì gbé ife omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rodiat ti kọ ìwé kan ní èdè Yorùbá, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara agolo: bó ṣe pọ̀ tó, ìgbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́, iye omi. Ìyá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní, láìwo ojú ọmọ rẹ̀, "Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ kí ni, Màámi?"

"Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Nígbà tí o ní kò sí. Mo dijú ni, mi ò sùn."

Fún oṣù mẹ́fà ni Rodiat ti rò pé òun, Kàmọ́rù, Fàlílátù àti dókítà nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn.

"Èmi náà kò lágbára àtisọ̀rọ̀," ni ìyá ń bá a lọ. "Ṣùgbọ́n mo ń retí ẹ. Mo ní, ọmọ mi ń bọ̀ wá sọ ọ́. Ilẹ̀ ṣú, o ò sọ ọ́." Ó gbé ògì náà, ó mu ún díẹ̀, ó sì mu omi lé e. "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo gbọ́."

Rodiat kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí ìyá fi mu ògì náà tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, bóyá ẹ̀yin náà ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí òbí yín lóṣù tó kọjá, ohun tó ń ṣara lóore tí ẹ rí lórí fóònù. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fi ránṣẹ́. Fíláàsìdì dára nínú oúnjẹ ojoojúmọ́, ó dára fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé fóònù lónìí, kì í ṣe lọ́la, kẹ́ ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó gan-an: ṣíbí wo, omi mélòó, kí ni wọ́n jọ ń lò ó pọ̀. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn tán. Bí wọ́n bá ní nǹkan ń ṣe wọ́n, ẹ má ṣe sọ pé kí wọ́n fi kún un. Bí dókítà bá sì bi yín léèrè, ẹ sọ gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lè dijú, kó má sì sùn.